Bí Ẹ̀ṣọ́ Kọ̀ǹpútà Bá Ṣi Aláìṣẹ̀ Mú

Nínú ẹ̀kọ́ yìí a ó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ṣọ́ kan tí kì í sùn. Kò ní ìbọn lọ́wọ́. Kò ní ajá. Inú kọ̀ǹpútà àti inú fóònù ni ó ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú olè àti amí tí ó bá fẹ́ wọlé. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ẹ̀ṣọ́ yìí a máa mú ẹni tí kò jalè. Bí ó bá mú un, a pariwo, a kọ ọ̀rọ̀ pupa sí ojú ẹ̀rọ, a ní kí onílé pa á kíákíá. Bí onílé bá sì pa á láì wádìí, onílé náà ni yóò jìyà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájọ ń fi kọ̀ǹpútà kọ orúkọ àti owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ìyá tí ń ta epo ń fi fóònù gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. Aránṣọ ń fi fóònù gba àwòrán aṣọ. Nítorí náà, ó yẹ kí olúkúlùkù wa mọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe nígbà tí ẹ̀ṣọ́ bá kígbe.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ àwọn orúkọ

Kọ̀ǹpútà ni ẹ̀rọ tí àwọn tí ń sọ Faransé ń pè ní ordinateur. Fóònù tí a ń fi ìka tẹ̀ lójú, kọ̀ǹpútà kékeré ni òun náà. Ẹ̀rọ yìí fúnra rẹ̀ kò mọ nǹkan kan ṣe. Ó ń dúró de àṣẹ ni. Àwọn àṣẹ tí a kọ sílẹ̀ fún un, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, ni a ń pè ní ètò. Ètò kan wà fún ìṣirò owó. Ètò kan wà fún ìwé kíkọ. Òmíràn wà fún àwòrán. Fáìlì ni orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan tí a tọ́jú sínú ẹ̀rọ. Ètò kékeré lè jẹ́ fáìlì kan ṣoṣo. Ètò ńlá lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì.

Àwọn ènìyàn burúkú náà ń kọ ètò. Èyí tí ó ń ran láti ẹ̀rọ kan dé èkejì, tí ó sì ń ba nǹkan jẹ́, ni wọ́n ń pè ní virus. Èyí tí ó ń yọ́ wo ohun tí ẹ ń ṣe, tí ó ń ka ọ̀rọ̀ àṣírí tí ẹ fi ń ṣí àpò owó yín, tí ó sì ń rán an sí ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí, ètò amí ni a ó máa pè é níhìn-ín. Ohun tí a fi sínú ẹ̀rọ láti mú àwọn wọ̀nyí ni antivirus. Ẹ̀ṣọ́ ni àwa ó máa pè é.

Báwo ni ẹ̀ṣọ́ ṣe ń mọ olè?

Ẹ̀yin ará Kétu mọ ẹnubodè àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Akaba Idena. Ẹ rò ó wò pé ẹ̀yin ni a fi ṣọ́ ẹnubodè bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wọlé lójoojúmọ́: alájàpá, àgbẹ̀, àlejò, ọmọdé. Ẹ kò lè mọ gbogbo wọn. Wọ́n wá fún yín ní ìwé kan. Nínú ìwé náà ni wọ́n kọ àmì àwọn olè sí. Wọ́n ní: olè kan wà, ilà mẹ́ta ni ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, àpá iná sì wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní àmì yìí, kí ẹ mú un.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣọ́ kọ̀ǹpútà ń ṣe. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ní ìwé àmì. Bí wọ́n bá rí ètò burúkú tuntun, wọn a wá ibì kan lára rẹ̀ tí wọ́n rò pé ètò mìíràn kò ní. Wọn a kọ ọ́ sínú ìwé àmì, wọn a sì fi íntánẹ́ẹ̀tì rán ìwé náà sí gbogbo ẹ̀ṣọ́ wọn káàkiri ayé. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe èyí, nígbà mìíràn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́. Wọn kò lè ṣe kí wọ́n má yára. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní ìlú Magdeburg ní ilẹ̀ Jámánì tí ó ń ka ètò burúkú. AV-TEST ni orúkọ rẹ̀. Ó sọ pé ètò burúkú àti ètò tí a kò fẹ́ tí òun ń rí ní ọjọ́ kan ṣoṣo ju 450,000 lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí: ilà mẹ́ta lè wà lójú ẹni tí kì í ṣe olè. Ẹbí olè lè ní irú ilà bẹ́ẹ̀. Ará ìlú rẹ̀ lè ní in. Àwọn tí ń kọ ètò pẹ̀lú máa ń yá nǹkan lò lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni rere yá apá kan lára iṣẹ́ ẹlòmíràn, ó fi kọ ètò ìṣirò. Olè náà yá apá kan náà, ó fi kọ ètò amí. Bí ẹni tí ń kọ ìwé àmì bá ṣe àṣìṣe, tí ó fi apá tí àwọn méjèèjì jọ ní ṣe àmì olè, ẹ̀ṣọ́ yóò mú àwọn méjèèjì.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ̀ṣọ́ wo ìwà, nítorí olè tuntun kò tíì sí nínú ìwé. Ọkùnrin kan ń rìn ní òwúrọ̀ kùtù nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́. Àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Igbà wà léjìká rẹ̀. Ó ń wò sókè sódò. Ṣé olè ni? Ẹlẹ́mu ni, ó ń lọ sí ìdí ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ tí kò mọ̀ ọ́n rí lè mú un.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan tí ó kàn wá gan-an. Bí a bá fẹ́ kọ Yorùbá dáadáa lórí kọ̀ǹpútà, a nílò ètò kan tí yóò fi àmì sí abẹ́ ẹ àti ọ, tí yóò sì fi àmì ohùn sí orí ọ̀rọ̀. Báwo ni ètò náà ṣe ń ṣe é? Ó gbọ́dọ̀ rí gbogbo lẹ́tà tí ìka wa bá tẹ̀ kí lẹ́tà náà tó dé ojú ìwé. Bí kò bá rí i, kò lè yí i padà. Ètò amí tí ń jí ọ̀rọ̀ àṣírí ńkọ́? Òun náà ń wo gbogbo lẹ́tà tí ìka wa bá tẹ̀. Lójú ẹ̀ṣọ́, iṣẹ́ àwọn méjèèjì jọra. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ọ̀kan ń fi lẹ́tà náà kọ ìwé fún wa, èkejì ń rán an lọ sọ́dọ̀ olè. Ìdí nìyí tí fóònù Android fi máa ń kìlọ̀ bí ẹ bá fẹ́ lo pátákó lẹ́tà tí ẹ gbà láti ibòmíràn. Ó ń sọ pé pátákó náà lè gba gbogbo ohun tí ẹ bá kọ, títí dé ọ̀rọ̀ àṣírí. Òótọ́ ni ó sọ. Kò sọ pé pátákó náà ti jalè o. Ó ní ó lè jalè bí ó bá fẹ́. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Àwọn mìíràn wà tí ó rí bẹ́ẹ̀. Ètò tí ń ka ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ sókè fún afọ́jú gbọ́dọ̀ wo gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀. Ètò tí onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń jókòó sí Àjàṣẹ́, tí ó fi ń tún kọ̀ǹpútà tí ó wà ní Ṣábẹ ṣe, gbọ́dọ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà náà láti òkèèrè. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Nir Sofer ń kọ àwọn ètò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní NirSoft. Díẹ̀ lára wọn ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti rí ọ̀rọ̀ àṣírí tirẹ̀ tí ó gbàgbé. Wọ́n dà bí ẹni tí ń ṣe kọ́kọ́rọ́: ẹni tí ó mọ bí a ti ń ṣí ilẹ̀kùn fún onílé mọ bí a ti ń ṣí i fún olè. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń mú ètò rẹ̀ lemọ́lemọ́. Ní ọdún 2009 ó kọ̀wé ní gbangba pé ilé-iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ń fi orí fífọ́ bá àwọn tí ń dá kọ ètò. Ẹjọ́ rẹ̀ tọ́. Ilé-iṣẹ́ ńlá tí wọ́n bá ṣi ètò rẹ̀ mú lè pariwo kí gbogbo ayé gbọ́. Ẹnìkan ṣoṣo tí ó jókòó sílé rẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ yóò sá, wọn yóò ní olè ni.

Ọjọ́ tí ẹ̀ṣọ́ wó òpó ilé

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ McAfee ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà rán ìwé àmì tuntun jáde. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 5958. Wọ́n kọ àmì virus kan tí ń jẹ́ Wecorl sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì náà bá fáìlì mìíràn mu, èyí tí ń jẹ́ svchost.exe. Fáìlì yìí kì í ṣe àlejò. Ọmọ ilé ni. Ara Windows ni ó wà, Windows sì ni ètò àgbà tí ń darí gbogbo ètò yòókù nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Bí a bá fi ilé ṣe àpèjúwe, svchost.exe dà bí òpó àárín ilé. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni ó gbé dúró. Ẹ̀ṣọ́ rí òpó, ó ní olè ni, ó sì wó o.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Àwọn kọ̀ǹpútà tí ń lo Windows XP, irú rẹ̀ tí wọ́n pè ní Service Pack 3, bẹ̀rẹ̀ sí í kú, wọ́n ń jí, wọ́n tún ń kú. Wọn kò lè bá kọ̀ǹpútà mìíràn sọ̀rọ̀ mọ́. Ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Michigan, kọ̀ǹpútà bí 8,000 nínú 25,000 ni ó dákú. Ní ìlú Lexington, ní Kentucky, àwọn ọlọ́pàá padà sí fífi ọwọ́ kọ ìròyìn wọn. Ní Rhode Island, àwọn ilé ìwòsàn kan dá àwọn aláìsàn padà láti ibi ìtọ́jú pàjáwìrì, àfi àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ gidi. Ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ilé ìtajà ńlá tí ń jẹ́ Coles ti ilẹ̀kùn àwọn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan, nítorí pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba owó kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ kíyè sí i: kò sí olè kankan nínú ìtàn yìí. Kò sí virus. Ẹ̀ṣọ́ nìkan ni ó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Láàárín wákàtí díẹ̀, McAfee yọ ìwé burúkú náà kúrò, wọ́n sì ṣe èyí tí ó dára. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe fi íntánẹ́ẹ̀tì rán oògùn sí ẹ̀rọ tí kò lè dé orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́? Ènìyàn ni ó ní láti rìn lọ síwájú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, kí ó fi ọwọ́ tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n wádìí ọ̀rọ̀, a gbọ́ pé irú Windows tí ọ̀ràn náà kọlù kò sí lára àwọn tí wọ́n fi dán ìwé náà wò kí wọ́n tó rán an jáde.

McAfee nìkan kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, ẹ̀ṣọ́ tí ń jẹ́ AVG, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Czech nígbà náà, mú fáìlì Windows kan tí ń jẹ́ user32.dll. Ó ní ètò tí ń jí ọ̀rọ̀ àṣírí ni. Èyí kan àwọn tí ń lo Windows XP ní èdè Faransé, Potogí, Sípáníìṣì, Ítálì àti ti Netherlands. Àwọn tí ó gbọ́ràn sí ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu, tí wọ́n pa fáìlì náà rẹ́, kọ̀ǹpútà wọn kò lè tàn dáadáa mọ́. Àwọn tí ó dúró díẹ̀ kò rí ibi. Ní ọdún 2007, ẹ̀ṣọ́ Norton ti ṣe irú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Ṣáínà.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ náà a pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ní ọdún 2006, ẹ̀ṣọ́ tí Microsoft ṣe mú ẹ̀ṣọ́ Norton, ó ní amí ni. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, ẹ̀ṣọ́ Microsoft tún mú Chrome, ètò tí Google ṣe fún wíwo íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní Zbot ni, èyí tí ń jí ọ̀rọ̀ àṣírí owó ní báńkì. Àwọn bí 3,000 ni Microsoft sọ pé ó ṣẹlẹ̀ sí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, ẹ̀ṣọ́ Sophos mú apá ara rẹ̀ tí ń gba ìwé àmì tuntun wọlé. Ẹ̀ṣọ́ fi ẹ̀wọ̀n de ara rẹ̀! Nígbà náà, ìwé àmì tí wọ́n ṣe láti tún ọ̀ràn náà ṣe kò rí ọ̀nà wọlé dáadáa.

Ẹ má rò pé ti àtijọ́ ni. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, àwọn fóònù Huawei, Honor àti Vivo kan ń kìlọ̀ fún onífóònù pé ètò Google tí ó wà nínú wọn jẹ́ olè tí ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀.

Ìlà kékeré kan

Ìtàn kan tún wà tí ó fi hàn bí nǹkan kékeré ti lè di ńlá. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2009, ẹnikẹ́ni tí ó bá fi Google wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì rí ìkìlọ̀ pé ibi tí òun fẹ́ lọ lè ba kọ̀ǹpútà òun jẹ́. Ibikíbi ni! Ilé ẹ̀kọ́, ìjọba, ìwé ìròyìn, gbogbo wọn di olè ní ọjọ́ kan. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹnìkan ní Google ń kọ orúkọ àwọn ibi burúkú sínú ìwé wọn, ó sì ṣèèṣì kọ ìlà kan ṣoṣo tí ó dùbúlẹ̀ báyìí: /. Gbogbo àdírẹ́sì tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ní ìlà yẹn nínú. Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi tún un ṣe, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ti rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ láti kọ, ẹ rí i pé lẹ́tà kan tí a fi sí ibi tí kò yẹ kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò

Ẹ mú ìwé àti kálàmù. Ká sọ pé ẹ̀ṣọ́ kan dára púpọ̀. Nínú fáìlì rere 100,000, ọ̀kan péré ni ó ń ṣì mú. Ká sọ pé fáìlì 300,000 wà nínú kọ̀ǹpútà yín, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn sì ni olè. Ẹ̀ṣọ́ yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ó mú olè kan náà. Aláìṣẹ̀ mélòó ni ó mú? Ẹ pín 300,000 sí ọ̀nà 100,000. Mẹ́ta ni. Ó kígbe nígbà mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó sì jẹ́ òótọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ṣọ́ rere ni a pè é! Ohun tí ó fà á ni pé àwọn aláìṣẹ̀ pọ̀ ju olè lọ jìnnà. A fi ìṣirò yìí ṣe àpẹẹrẹ ni, kì í ṣe nọ́ńbà ẹ̀ṣọ́ kan pàtó. Ẹ fi nọ́ńbà mìíràn dán an wò.

Ìyàtọ̀ kan sì wà láàárín ẹ̀ṣọ́ yìí àti ọdẹ àdúgbò wa. Bí ọdẹ Kétu bá ṣi ènìyàn mú, Kétu nìkan ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ọdẹ Ṣábẹ kò mọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ṣọ́ tí ilé-iṣẹ́ kan ṣe ń ka ìwé àmì kan náà. Bí ìwé náà bá ṣì, gbogbo wọn yóò ṣi irú ènìyàn kan náà mú, láàárín wákàtí díẹ̀ síra wọn, ní Kétu, ní Paríìsì, ní Sydney.

Ṣé kí ilé-iṣẹ́ wá mú ìwé náà rọ̀, kí wọ́n máa mú ẹni tí ó dájú nìkan? Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, olè yóò wọlé. Bí wọ́n bá mú un le, aláìṣẹ̀ yóò wọ ẹ̀wọ̀n. Àárín iná méjì ni wọ́n wà. Nítorí náà ni AV-TEST, pẹ̀lú ẹgbẹ́ mìíràn ní Ọ́stríà tí ń jẹ́ AV-Comparatives, fi ń dán àwọn ẹ̀ṣọ́ wò ní ọ̀nà méjì: wọ́n ń ka iye olè tí ẹ̀ṣọ́ mú, wọ́n sì ń ka iye aláìṣẹ̀ tí ó yọ lẹ́nu.

Kí ni kí ẹ ṣe nígbà tí ẹ̀ṣọ́ bá kígbe?

Àwọn kan wà tí ẹ̀ṣọ́ ti yọ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lé e jáde nílé. Wọ́n ní ariwo rẹ̀ pọ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ajá tí ó gbó mọ́ àlejò lánàá lè gbó mọ́ olè lálẹ́ òní. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń pa ohunkóhun tí ẹ̀ṣọ́ bá tọ́ka sí. Ẹ ti rí ohun tí ó dé bá àwọn tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2008.

Ẹ ka ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ. Ìdí tí ẹ fi ń kọ́ ìwé nìyẹn. Ní ilẹ̀ wa, Faransé ni ẹ̀rọ fi ń sọ̀rọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ náà Supprimer, ó ń béèrè bóyá kí òun pa fáìlì náà rẹ́ pátápátá. Bí ẹ bá rí Quarantaine, àhámọ́ ni. Ẹni tí ó wà ní àhámọ́ kò lè ṣe ibi, ṣùgbọ́n kò tíì kú. Bí ẹ bá rí i lẹ́yìn náà pé aláìṣẹ̀ ni, ẹ ó tẹ Restaurer, yóò sì padà sí ipò rẹ̀. Àhámọ́ ni kí ẹ yàn bí ẹ̀rọ bá fún yín láyè. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣọ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra wọn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ orúkọ fáìlì náà sílẹ̀ lórí ìwé, àti orúkọ tí ẹ̀ṣọ́ pè é. Ẹ bi ara yín pé: níbo ni fáìlì yìí ti wá? Ṣé ó ti wà nínú ẹ̀rọ yìí fún ọdún mẹ́ta tí kò ṣe nǹkan kan, tí ẹ̀ṣọ́ sì ń wò ó lójoojúmọ́ láì sọ̀rọ̀? Ó ṣeé ṣe kí ìwé àmì tuntun ni ó ṣì. Ṣé lánàá ni ẹnìkan fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, tí ó ní kí ẹ fi í sínú fóònù kí ẹ lè rí owó ọ̀fẹ́? Ẹ̀ṣọ́ mọ ohun tí ó ń sọ. Ẹ fi í sílẹ̀ ní àhámọ́, kí ẹ má wulẹ̀ ronú kàn án mọ́.

Bí kò bá dá yín lójú, ẹ dúró di ọjọ́ kejì, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ gba ìwé àmì tuntun. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá ti ṣe àṣìṣe, wọn a máa tètè tún un ṣe, nítorí igbe ènìyàn yóò ti dé etí wọn. Ẹ tún lè béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ mìíràn. Ibì kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ń jẹ́ VirusTotal. Àwọn ará Málaga ní ilẹ̀ Sípéènì ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 2004, Google sì rà á ní ọdún 2012. Bí ẹ bá gbé fáìlì kan lọ síbẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ó lé ní àádọ́ta yóò yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ̀ṣọ́ kan tàbí méjì péré bá ní olè ni, tí gbogbo àwọn yòókù dákẹ́, ó sábà máa ń jẹ́ pé wọ́n ṣì í mú ni, pàápàá bí fáìlì náà bá ti pẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ìwé àṣírí lọ síbẹ̀, ìwé owó ẹgbẹ́ tàbí ìwé ìdánimọ̀ yín. Ohun tí a bá gbé síbẹ̀, ojú àwọn ẹlòmíràn lè dé ibẹ̀.

Bí ẹ bá jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ alájọ ńkọ́, tí ẹ̀ṣọ́ sì mú ètò tí ẹ fi ń kọ owó? Inú yín yóò bàjẹ́. Ẹ ó gbé ẹ̀rọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń tún un ṣe. Ó lè wò ó fìrí, kí ó ní virus ti jẹ ẹ́, kí ó ní òun yóò fọ gbogbo inú rẹ̀ nù. Formater ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá ṣe é, orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti owó tí olúkúlùkù ti dá yóò bá a lọ. Ta ni yóò wá sọ iye tí Ìyá Àgbà dá láti oṣù kẹta? Ẹ sọ fún un pé kí ó kọ́kọ́ kó àwọn ìwé yín sórí clé USB. Ẹ ní kí ó wo àhámọ́ ẹ̀ṣọ́ náà, bóyá ètò yín wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ó sì dára kí ẹ má dúró de ọjọ́ ìjàǹbá: ní ìparí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kó ìwé owó náà sórí clé USB, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sí ilé mìíràn.

Olè tí ó wọ aṣọ ẹ̀ṣọ́

Ó ku irú igbe kan tí kì í ti ẹnu ẹ̀ṣọ́ jáde rárá. Ẹ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ń wo nǹkan. Lójijì, ojú fóònù di pupa. Wọ́n ní virus mẹ́tàlá wà nínú fóònù yín. Wọ́n ní kí ẹ tẹ ibí, kí ẹ san owó, tàbí kí ẹ pe nọ́ńbà kan. Olè ni ó ń kígbe olè yẹn. Ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè yẹ inú fóònù yín wò kí ó ka virus inú rẹ̀.

Òwò ńlá ni èyí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2008, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń dáàbò bo oníbàárà pe ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Innovative Marketing àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ lẹ́jọ́. Wọ́n ń ṣe bí ẹni yẹ kọ̀ǹpútà ènìyàn wò, wọn a ní àwọn rí virus, wọn a sì ta ẹ̀ṣọ́ èké fún un. WinFixer wà lára àwọn orúkọ tí wọ́n fi tà á. Àwọn tí ó rà á lé ní mílíọ̀nù kan. Ní ọdún 2012, ilé ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi, owó tí wọ́n ní kí wọ́n san sì lé ní mílíọ̀nù 163 dọ́là. Ẹ rí i pé ìbẹ̀rù ni wọ́n tà. Kò sí nǹkan mìíràn nínú àpò wọn.

Bí irú rẹ̀ bá dé bá yín, ẹ má tẹ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ ti ojú ìwé náà pa. Bí ó bá kọ̀ tí kò lọ, ẹ pa fóònù náà, kí ẹ tún un tàn. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ẹ̀ṣọ́ tiyín gan-an, èyí tí ẹ mọ orúkọ rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó yẹ inú fóònù wò. Bí kò bá sí orúkọ kankan nínú àhámọ́ rẹ̀, a jẹ́ pé òun kọ́ ni ó kígbe.